Bí ẹ ṣe lè mọ ilé-iṣẹ́ bàálù kékeré tó fẹ́ wó kí ó tó wó: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí LIAT ní Kàríbíánì

Ẹni tó ń gbé ní erékùṣù kékeré ní ìlà oòrùn Òkun Kàríbíánì, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń gbé ní erékùṣù kejì, kò ní ọ̀nà títì tí yóò gbà débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kì í sì í lọ lójoojúmọ́ láàárín ọ̀pọ̀ nínú àwọn erékùṣù náà. Bàálù ló ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, bàálù ló ń wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá àti síbi ìpàdé iṣẹ́. Láti 1956 títí di 2020, LIAT (Leeward Islands Air Transport) ni bàálù tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Mo fẹ́ fi ìtàn ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ṣàlàyé bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yẹ ilé-iṣẹ́ bàálù kékeré wò kí ó sì mọ ibi tó ń lọ, ìbáà jẹ́ èrò tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún níwèé ìgbanisíṣẹ́, tàbí aráàlú tí ìjọba rẹ̀ ń kéde pé òun náà fẹ́ ní bàálù tirẹ̀. Ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ta ni yóò san owó ìrìn àjò tí kò lè mú èrè wá? Gbogbo ohun tí a óò yẹ̀ wò nísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà láti rí ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín

Ẹ má ṣe wo ọ̀dà tí wọ́n fi kun ara bàálù. Ẹ wádìí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà lónìí, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, àti ìdí tí ó fi kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Frank Delisle ló dá LIAT sílẹ̀ ní Montserrat ní 1956, pẹ̀lú bàálù Piper Apache kan ṣoṣo, láti máa ná ọ̀nà Montserrat sí Antigua. Ní ọdún kejì, BWIA, ilé-iṣẹ́ bàálù ti Trinidad, ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀. Ní 1971, ìdá 75 nínú 100 bọ́ sọ́wọ́ Court Line, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kó àwọn tó ń lọ gbafẹ́ láti Yúróòpù, tí ó sì fẹ́ kí LIAT máa bá òun pín wọn káàkiri erékùṣù. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ ọdún 1974, epo ti wọ́n káàkiri ayé, àwọn tó ń lọ gbafẹ́ ti dín kù, Court Line sì wó lulẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Antigua kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ àwọn ni bàálù wọn fẹ́ dúró.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ béèrè iṣẹ́ mìíràn tí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ bàálù náà ń ṣe. Bí iṣẹ́ yẹn bá jẹ gbèsè, ọmọ ni wọn yóò kọ́kọ́ tà láti fi gba ìyá là, bí wọ́n bá tilẹ̀ ráyè tà á rárá.

Kí erékùṣù wọn má baà wà ní àdádó, ìjọba 11 dáwó jọ, wọ́n sì ra LIAT ní ìparí ọdún 1974 kan náà. Mo rò pé ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ ni ilé-iṣẹ́ náà ti ní ọ̀gá púpọ̀ tí ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò dọ́gba: olúkúlùkù fẹ́ kí bàálù máa balẹ̀ sílé òun, kò sì wu olúkúlùkù láti san owó rẹ̀. Lọ́dún lọ́dún ni àwọn kan ń yọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí, Barbados ló ni bí ìdajì ìpín náà, Antigua àti Barbuda ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta, St Vincent àti Dominica sì pín èyí tó pọ̀ nínú ìyókù. LIAT ṣì ń balẹ̀ sí St Lucia, sí St Kitts, àti sí àwọn erékùṣù mìíràn tí ìjọba wọn kò fi owó gidi kan sílẹ̀. Ralph Gonsalves, tó jẹ́ olórí ìjọba St Vincent nígbà náà, tó sì tún jẹ́ alága àwọn ìjọba tó ni LIAT, kò yé sọ ọ́ ní gbangba pé kò tọ́ kí àwọn kan máa gbádùn bàálù tí àwọn mìíràn ń bọ́.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà rí irú wàhálà yìí kò le. Ẹ mú ìwé, ẹ fa ìlà sí i láàárín. Ní apá òsì, ẹ kọ orúkọ gbogbo ìlú tí bàálù náà ń balẹ̀ sí. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń fi owó sí i. Bí apá òsì bá gùn ju apá ọ̀tún lọ fíìfíì, tí kò sì sí àdéhùn kankan láàárín àwọn méjèèjì, àwọn kan ti ń ru ẹrù àwọn ẹlòmíràn, ọjọ́ tí wọ́n máa sọ ọ́ kalẹ̀ ló kù. Ọ̀rọ̀ Barbados náà nìyẹn ní 2019, nígbà tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bá Antigua sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá ra ìpín òun.

Ẹ ka iye ìgbà tí táyà ń kan ilẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í. Wọ́n á ní, “Ìrìn ogún ìṣẹ́jú péré, kí ló dé tí owó rẹ̀ pọ̀ tó báyìí?” Kíkúrú tí ìrìn náà kúrú gan-an ló mú kí ó wọ́n. Ìgbà tí bàálù bá ń gùnkè ló ń jẹ epo jù. Ìgbà tó bá ń gbéra àti ìgbà tó bá ń balẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì, bíréèkì, táyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ ìyà jù. Iye ìgbà tó bá balẹ̀ ni pápákọ̀ òfuurufú sì fi ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Dánfó tó ń dúró ní gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù láti Ọjọ́ta dé Ìyànà-Ìpájà kò lè ná iye kan náà tí èyí tó gba márosẹ̀ lọ tààrà ń ná, bí ọ̀nà wọn tilẹ̀ dọ́gba. LIAT kò ní márosẹ̀. Bọ́sítọ́ọ̀pù ni gbogbo ọ̀nà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé àkókò ìgbéra ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń yẹ̀ wò, kí ẹ sì tẹ̀ lé bàálù kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ká ní ó gbéra ní Antigua ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó balẹ̀ ní Dominica, ó tún gbéra, ó balẹ̀ ní St Lucia, ó balẹ̀ ní St Vincent, ó balẹ̀ ní Barbados, lẹ́yìn náà ó tún gba ọ̀nà kan náà padà. Ìyẹn jẹ́ bíbalẹ̀ mẹ́jọ lójúmọ́ kan. Ẹ wá wo àlàfo tó wà láàárín bíbalẹ̀ kan àti gbígbéra tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá fún un ní bí ogún ìṣẹ́jú ní ibi gbogbo, láìsí ibì kan tí ó ti lè sinmi fún wákàtí kan, a jẹ́ pé bí òjò bá dá a dúró fún ogójì ìṣẹ́jú ní Dominica láàárọ̀, ẹni tó ń dúró ní Barbados nírọ̀lẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí pápákọ̀ kò bá ti ní iná tí bàálù fi lè balẹ̀ lóru. Ọ̀pọ̀ ọdún ni pápákọ̀ Dominica fi wà bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé bàálù tó bá pẹ́ jù kò ní lè balẹ̀ síbẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ kejì, àwọn èrò yóò sì wá ibi sùn. Àwọn ará Kàríbíánì sọ lẹ́tà mẹ́rin orúkọ LIAT di ẹ̀fẹ̀: àwọn kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń kúrò ní erékùṣù (Leave Island Any Time), àwọn mìíràn ní ó túmọ̀ sí pé ẹrù èrò wà ní pápákọ̀ mìíràn (Luggage In Another Terminal). Ẹ̀fẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsí àlàfo nínú ìwé àkókò ló bí ọ̀pọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìwà òṣìṣẹ́ nìkan.

Ẹ yẹ gígùn ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ wò pẹ̀lú, kí ẹ fi wé bàálù tí wọ́n ní. Montserrat tí wọ́n ti bí LIAT gan-an kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ nígbà tó yá: òkè oníná Soufrière Hills bẹ̀rẹ̀ sí bú ní 1995, ó ba pápákọ̀ àtijọ́ jẹ́ ní 1997, ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ti èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2005 kò sì gùn tó 600 mítà. Àwọn bàálù ńlá tí LIAT ti ń lò nígbà náà kò lè balẹ̀ síbẹ̀; àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lo bàálù kéékèèké ló ń ná ọ̀nà náà.

Ẹ tú tíkẹ́ẹ̀tì palẹ̀

Gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ló ní apá méjì: èyí tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ bàálù, àti èyí tó jẹ́ ti ìjọba àti ti pápákọ̀. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé owó náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì kọ apá méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láàárín àwọn erékùṣù wọ̀nyí, owó orí, owó ààbò, owó ìgbéra àti owó àtúnṣe pápákọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ohun tí èrò san. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn LIAT ni pé àwọn ìjọba kan náà tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún un lówó kí ó má baà kú ni wọ́n ń fi ọwọ́ òsì gba owó lọ́wọ́ èrò rẹ̀ títí èrò fi ń jókòó sílé. Níbi tí ẹ bá ti rí i pé apá ti ìjọba ń pọ̀ sí i tí iye èrò sì ń dín kù, ẹ má retí pé ìpolówó ló máa tún un ṣe.

Òdìkejì rẹ̀ náà léwu. Bí apá ti ilé-iṣẹ́ bàálù bá kéré débi tí ẹ̀yin gan-an fi mọ̀ pé kò lè ra epo, ẹ béèrè ẹni tó ń san ìyókù. Ní 2000, Allen Stanford, olówó ará Texas tó ní báńkì ní Antigua, dá Caribbean Star sílẹ̀, ó sì ń ná ọ̀nà tí LIAT ń ná ní owó pọ́ọ́kú. Inú èrò dùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì ń jẹ gbèsè lọ títí LIAT fi gba iṣẹ́ Caribbean Star ní 2007. Nígbà tó yá, ó hàn pé ẹ̀tàn ni báńkì Stanford, owó tuntun ló fi ń san gbèsè àtijọ́, owó àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e ló sì fi ń bọ́ àwọn okoòwò rẹ̀ mìíràn. Ní 2012 ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 110. Ní Barbados, REDjet bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2011 pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tirẹ̀, oṣù kẹta ọdún 2012 ló dúró. Kò pé ọdún kan.

Bàálù tuntun kì í wo àìsàn àtijọ́

Ní 2013, LIAT pinnu láti kó àwọn bàálù Dash 8 tó ti gbó dànù, kí ó sì gba irú bàálù mìíràn, ATR tuntun. Báńkì Ìdàgbàsókè Kàríbíánì yá wọn ní mílíọ̀nù 65 dọ́là Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ náà. Ó dára kí bàálù jẹ́ tuntun, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ òfuurufú tó ń wa Dash 8 kò lè kàn bọ́ sínú ATR láìgba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tuntun, mẹkáníìkì náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, páàtì irú kan kò sì wọ irú kejì. Wọ́n ń ṣe gbogbo èyí lọ́wọ́ ní àárín ọdún, nígbà ọlidé tí èrò pọ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni bàálù ń pẹ́, tí wọ́n ń fagi lé ìrìn àjò, tí ẹrù ń sọnù. Nígbà tí ara rọlẹ̀, àwọn ọ̀nà tí kì í mú èrè wá ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ó kàn jẹ́ pé gbèsè tuntun ti gorí rẹ̀ ni. Wọ́n fi ẹtẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ pààrọ̀ bàálù, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: irú bàálù mélòó ni yóò máa lò papọ̀, fún oṣù mélòó, àti owó wo ni yóò fi san owó tó yá. A máa ń gbọ́ ní Nàìjíríà pé dọ́là ló ń pa ilé-iṣẹ́ bàálù, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún tiwa. LIAT kò ní irú àwáwí yẹn, nítorí láti 1976 ni dọ́là Ìlà Oòrùn Kàríbíánì ti dúró lórí 2.70 sí dọ́là Amẹ́ríkà kan. Owó wọn kò já wálẹ̀, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ wọn wó.

Ìbéèrè tí aráàlú gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ìjọba

Bí ìjọba bá ní òun yóò ná owó sórí bàálù kí àwọn èèyàn lè máa rìn, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ẹ kàn béèrè àdéhùn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: bàálù yóò lọ ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, ní iye owó wo, kí sì ni ìjọba yóò fi kún un. Ní Scotland, láàárín erékùṣù Westray àti Papa Westray ní Orkney, bàálù Loganair kì í lò ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ lójú òfuurufú. Kò sẹ́ni tó ń retí èrè níbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Orkney ló ń san àlékún, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àdéhùn. Láti 1978 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà náà ti ń sanwó fún bàálù kí àwọn ìlú kéékèèké má baà di ìgbàgbé. LIAT kò rí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gbà káàkiri ibi tó ń lọ. Ìgbà tí àpò bá gbẹ ni wọ́n ń sáré pe ìpàdé, wọn a dáwó, wọn a tún túká. Bí iná kò bá sì tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan Nàìjíríà báyìí. Air Peace tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó ló bá ìjọba Antigua àti Barbuda dá LIAT tuntun sílẹ̀, ìdá 70 nínú 100 jẹ́ ti Air Peace, ìdá 30 jẹ́ ti ìjọba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fò ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 pẹ̀lú bàálù Embraer. Ẹ mú ìwé tí ẹ fa ìlà sí láàárín, kí ẹ kọ ọ́ kún un. Ìjọba kan ṣoṣo ló wà ní apá ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Air Peace, ìlú tó wà ní apá òsì sì ju ìjọba kan lọ. Ẹni tó ni ìpín ńlá ní iṣẹ́ púpọ̀ nílé, gẹ́gẹ́ bí Court Line ti ní. Embraer tó ń lo jẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà jíjìn ló wù ú jù. Èyí kò túmọ̀ sí pé yóò wó. Àwọn ibi tí mo máa ń wò nìyẹn bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń gbádùn.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì náà

Nígbà mìíràn kò sí bàálù mìíràn, ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ fi káàdì báńkì sanwó, ẹ má ṣe san owó lọ́wọ́, nítorí báńkì lè bá yín gba owó padà níbi tí ilé-iṣẹ́ kò bá ti ṣe ohun tí ẹ sanwó fún. Ẹ má ṣe rà á ní oṣù mẹ́jọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ra inṣọ́ránsì ìrìn àjò, ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ bóyá wọ́n ń san owó bí ilé-iṣẹ́ bàálù bá wó, torí ọ̀pọ̀ kò fi í kún un. Ẹ má ṣe so bàálù kékeré mọ́ bàálù London ní ọjọ́ kan náà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ sùn mọ́jú níbi tí bàálù ńlá yóò ti gbéra.

Ẹni tó ń wáṣẹ́ níbẹ̀ ní ìbéèrè tirẹ̀: owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, ṣé wọ́n tọ́jú wọn sí àpò ọ̀tọ̀, àbí inú àpò ilé-iṣẹ́ ni wọ́n wà? Ní 2019, wọ́n ti ń rọ àwọn òṣìṣẹ́ LIAT pé kí wọ́n gbà kí owó oṣù wọn dín kù. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà wó, ọ̀pọ̀ wọn lo ọdún lórí ọdún lẹ́nu ìjà owó ìdádúró tí kò pé.

Bí bàálù bá dúró lójijì, bí ti LIAT ṣe dúró ní oṣù kẹrin ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ẹ má ṣe sáré lọ sí pápákọ̀. Ẹ kọ̀wé sí báńkì yín ní ọjọ́ náà gan-an. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún náà, Gaston Browne, olórí ìjọba Antigua, kéde pé wọn yóò tú ilé-iṣẹ́ náà ká. Ní oṣù keje, ilé-ẹjọ́ yan alábòójútó lé e lórí. Bàálù díẹ̀ padà sókè ní oṣù kọkànlá, wọ́n sì dá a dúró pátápátá ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ní gbogbo àsìkò bẹ́ẹ̀, alábòójútó ló ń gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ lówó, àwọn tó ti gba ohun ìdúró, bíi bàálù tàbí ilé, fún owó tí wọ́n yá a ló sì máa ń ṣíwájú èrò. Síbẹ̀, ẹ kọ tiyín, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rí ìsanwó àti ìwé tí ẹ kọ sí báńkì ti í lẹ́yìn, kí ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, kí ẹ sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ yín sílẹ̀.